Kí Ni Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Òyìnbó Wọ̀nyẹn Ń Wọ̀n Létí Òkun?

Ìbéèrè kan wà tí mo ti gbọ́ ní Àgbádárìgì, tí mo sì tún gbọ́ lódìkejì ibodè, létí òkun Bẹ̀nẹ̀. Àwọn apẹja ló sábà máa ń bi í. Wọ́n á rí ọ̀dọ́ bíi mẹ́fà pẹ̀lú òyìnbó méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan gbé ọ̀pá tó ní àwo roboto lórí, ó ń rìn láti orí òkè iyanrìn wọnú omi títí omi fi kàn án láyà. Ẹnìkejì jókòó ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ agbòjò. Ẹnìkẹta ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú ìwé. Wọn ò pẹja, wọn ò wẹ̀, wọn ò sì wá gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún padà wá ṣe ohun kan náà níbi kan náà.

Ni ọ̀rọ̀ á bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ló rán wọn wá wọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Bàbá apẹja kan bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lójú mi pé, "Ọmọ mi, ẹ̀ ń wọ̀n òkun, ta lẹ fẹ́ tà á fún?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Ó yẹ kó dáhùn, torí ìbéèrè gidi ni bàbá yẹn bi. Ìdáhùn tí kò rí gbà lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí.

## Kí ni wọ́n ń pè ní ìwádìí òkun?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, torí wọ́n máa ń dàrú mọ́ra lẹ́nu wa. Ìgbì ni omi tó ń dìde tó ń fọ́ sí etí òkun. Ìṣàn ni omi tó ń rìn lọ síbì kan láàrin òkun, bí odò ṣe ń ṣàn láàrin ilẹ̀. Kíkún àti fífà ni bí gbogbo ojú omi ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí pé òṣùpá àti oòrùn ń fà á. Ìgbì lè gbá èèyàn ṣubú kó sì dìde gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù; ìṣàn ló ń gbé òmùwẹ̀ lọ tí a ò fi rí i mọ́. Kíkún àti fífà ni apẹja ń wò kó tó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi. Apẹja mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì ka ìwé. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni iye wọn, tí a kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iye tí a kọ sílẹ̀ yẹn ni ìwádìí. Ìyá tó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ káàdì tí nọ́ọ̀sì máa ń mú jáde. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á kọ kílò rẹ̀ síbẹ̀. Tí ọmọ bá wọ̀n kílò 8 lónìí, nọ́ọ̀sì ò tíì lè sọ bóyá ara ọmọ le. Ó dìgbà tó bá wo ti oṣù tó kọjá. Bó bá jẹ́ 7 ni tẹ́lẹ̀, a dúpẹ́. Bó bá jẹ́ 9, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Etí òkun náà nílò káàdì. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kàn mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ni, kò mọ̀ bóyá ó ń sanra tàbí ó ń rù. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi ń padà sí ojú kan náà.

## Kí ni irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ń ṣe?

Ọ̀pá tó ní àwo roboto lórí, GPS ni. Irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù yín tó ń júwe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ti fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Eléyìí kì í fi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, ó sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e rìn wọnú omi ń ya àwòrán bí etí òkun ṣe dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀. Tó bá tún rin ọ̀nà yẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á rí ibi tí iyanrìn ti kúrò àti ibi tó lọ kó jọ sí.

Ẹ tún lè rí àwo funfun kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí wọ́n so mọ́ okùn tó ní àmì mítà lára. Wọ́n á sọ ọ́ sómi láti inú ọkọ̀, wọ́n á máa tú okùn sílẹ̀ títí ojú ò fi ní rí àwo náà mọ́. Iye mítà okùn tó ti lọ ló ń sọ bí omi ṣe mọ́ tó. Àlùfáà kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1865, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àwo náà títí dòní. Lórí ọ̀sà Èkó lásìkò òjò, kì í pẹ́ kí àwo yẹn tó pòórá nínú omi pupa. Lójú agbami, ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ jìnnà kí ẹ ṣì máa rí i bí òṣùpá kékeré nísàlẹ̀. Nínú gbogbo irinṣẹ́ wọn, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò gba iná mànàmáná, kò gba bátìrì, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n òkun.

Èyí tó díjú díẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CTD. Irin ni, ó tó apá àgbàlagbà, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Nǹkan mẹ́ta ló ń wọ̀n bó ṣe ń lọ: iyọ̀ inú omi, bí omi ṣe gbóná tó, àti bí ibi tó dé ṣe jìn tó. Kí ló dé tí wọn ò kàn fi korobá bu omi lókè? Ẹni tó bá fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò lójú ìkòkò, epo nìkan ló máa kàn án lẹ́nu. Ẹran àti iyọ̀ wà nísàlẹ̀. Òkun náà nìyẹn. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ojú omi lè gbóná tó dígírì 28, ṣùgbọ́n tí irin yẹn bá fi máa sọ̀kalẹ̀ dé 1,000 mítà, dígírì bíi 4 tàbí 5 ló máa bá níbẹ̀, bí omi inú fìríìjì. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35. Tí òjò bá rọ̀ tí àwọn odò kún wọnú ọ̀sà, iyọ̀ á já wálẹ̀, ẹja tó fẹ́ iyọ̀ á sá, èyí tí kò fẹ́ ẹ á wọlé.

Ẹ ò ní mọ ìwúlò èyí àfi tẹ́ ẹ bá ronú nípa ẹja ṣawá. Láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, létí òkun Gánà àti Côte d'Ivoire, omi tútù ìsàlẹ̀ máa ń gòkè wá sójú omi. Ó máa ń gbé ajílẹ̀ tó ti rì sísàlẹ̀ dání. Ewéko tíntìntín inú omi á jẹ ajílẹ̀ yẹn, á bí sí i, ẹja á jẹ ewéko, apẹja á sì kó ẹja. Àwọn apẹja ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìgbà tí omi bá tutù ni ẹja ń pọ̀. Ohun tí CTD ń fi kún un ni ibi tí omi tútù náà ti gbéra, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ti ọdún yìí pẹ́ ju ti ọdún tó kọjá lọ.

Nínú ọkọ̀ ńlá, irinṣẹ́ kan tún wà tó ń ké sínú omi tó sì ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn. Ohùn máa ń sáré tó nǹkan bíi mítà 1,500 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ. Tí ohùn bá lọ kan ìsàlẹ̀ tó sì padà dé láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìsàlẹ̀ yẹn jìn tó mítà 750, torí pé àlọ àti àbọ̀ ni. Ọ̀wọ́ ẹja tó bá wà lọ́nà náà á dá díẹ̀ nínú ohùn padà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò bí ẹja ṣe pọ̀ tó láì pa gbogbo rẹ̀.

Ṣé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá epo nìyẹn? Rárá. Àwọn tó ń wá epo lójú agbami máa ń lo ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ wáyà tó gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dún lu ìsàlẹ̀ òkun kí ohùn lè wọnú àpáta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ọ̀pá GPS àti korobá ò lè rí epo kankan.

## Kí ni wọ́n rí ní Grand Popo?

Grand Popo jẹ́ ìlú etí òkun ní Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí ibodè Tógò. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti IRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Faransé, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Bẹ̀nẹ̀ gbé kámẹ́rà kan sórí òpó tó ga tó mítà 15, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Bẹ̀nẹ̀. Kámẹ́rà náà kọjú sí òkun, ó sì ń ya àwòrán láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwòrán kan ṣoṣo ò wúlò púpọ̀, torí pé ìgbì kan á ti fọ́ níbì kan, òmíràn á sì ti wà lọ́nà. Nítorí náà wọ́n máa ń da ọ̀pọ̀ àwòrán pọ̀ di ẹyọ kan, bí ẹni ń po ẹ̀kọ títí á fi dán. Ibi tí ìgbì ti sábà ń fọ́ á funfun, ibi tí omi ti pàdé iyanrìn á hàn kedere. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò mọ̀ bóyá ojú kan nínú àwòrán jẹ́ mítà mẹ́wàá tàbí ogún sí ẹsẹ̀ òpó. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ gbé GPS lọ síbẹ̀ kó wọ̀n ọ́n, kó lè so àwòrán mọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Tí àlejò bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló máa lọ nu iyọ̀ òkun kúrò lójú kámẹ́rà.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ ká mọ̀ yà mí lẹ́nu gan-an ni. Púpọ̀ nínú ìgbì tó ń fọ́ létí òkun wa, ìjì ọ̀dọ̀ wa kọ́ ló bí i. Ìjì tó ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì, níhà gúúsù lọ́hùn-ún níbi tí òtútù wà, ló bí i. Ó sì ti rìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó dé Grand Popo. Ìdí nìyẹn tí òkun fi lè máa ru lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́. Ìgbì náà kì í wá tààrà, ó máa ń fì wá láti ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ìgbà. Àwọn onímọ̀ ṣírò iyanrìn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan sí nǹkan bíi kúbíìkì mítà 500,000. Tí tipa kan bá gba mẹ́wàá, ó jẹ́ tipa 50,000 lọ́dún, tàbí nǹkan bíi 137 lójúmọ́ kan, tọ̀sán tòru, láì sí awakọ̀.

Odò iyanrìn ni. Ẹni tó bá sì gbé ògiri dí odò, ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: iyanrìn á kó jọ lápá ibi tó ti ń bọ̀, ebi iyanrìn á sì pa apá kejì. Nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu èbúté Èkó láàrin 1908 sí 1912, apá ìwọ̀-oòrùn sanra, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach lápá ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu àti Lomé láàrin 1960 sí 1970, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbé lápá ìlà-oòrùn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé òkun ló ń bínú. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó bá wọn jókòó ṣàlàyé odò iyanrìn yẹn fún wọn kí ilé wọn tó wó.

## Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àlejò ló máa ń wá?

Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó lè dúró lójú agbami fún oṣù kan pẹ̀lú irinṣẹ́ gbogbo wọ́n ju ohun tí yunifásítì kan lè rà lọ. Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tirẹ̀, NIOMR, ní Victoria Island l'Ékòó láti 1975. Bẹ̀nẹ̀ náà ní tirẹ̀, IRHOB, ní Kútọnu. Àwọn méjèèjì ní onímọ̀ tó dáńtọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òkun kì í mọ ní ibodè, ìgbì tó kọjá ní Lomé kò gba ìwé ìrìnnà kó tó dé Àgbádárìgì.

Nítorí náà, àwọn orílẹ̀-èdè máa ń darapọ̀. Ọkọ̀ Nọ́wè tí wọ́n ń pè ní Dr. Fridtjof Nansen ti ń ṣèwádìí ẹja létí òkun Áfíríkà láti 1975. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti 2017 ni ẹ̀kẹta tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 75, àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ń ta. Bó bá ṣe ń wọ omi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ máa ń wọlé, tàgbà tọ̀dọ́. Àgbá ńláńlá tún wà tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, tó ń léfòó, tó sì ń wọ̀n afẹ́fẹ́ àti omi. Amẹ́ríkà, Faransé àti Brazil jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1997, PIRATA ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn wà níbi tí ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù ti pàdé ìlà Greenwich, níwájú Gánà lójú agbami. Orin ni wọ́n fi sọ àwọn àgbá náà lórúkọ, tibẹ̀ yẹn sì ń jẹ́ Soul. Lọ́dọọdún, ọkọ̀ Faransé máa ń lọ tún àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni ẹ̀kọ́. Láti 2008, ní yunifásítì Abomey-Calavi ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní CIPMA ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òkun fún oyè másítà. Àwọn olùkọ́ láti IRD àti láti yunifásítì ìlú Toulouse máa ń wá kọ́ wọn pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ilé. Ní Gánà, láti 2015, Brian Arbic, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Michigan, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gánà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lọ́dọọdún lórí òkun, tí wọ́n padà fi Nàìjíríà kún un. Àwọn àlejò náà mọ irinṣẹ́ wọn dunjú. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí àwọn apẹja kì í wọ omi, tó sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó gbé nǹkan sílẹ̀ létí òkun.

## Ta ló fún wọn láyè?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1982, tó di òfin ní 1994. Tógò gbà á wọlé ní 1985, Nàìjíríà ní 1986, Bẹ̀nẹ̀ ní 1997. Òfin náà sọ pé omi tó wà láàrin máìlì òkun 12 sí ilẹ̀ jẹ́ ara orílẹ̀-èdè náà gan-an. Láti ibẹ̀ dé máìlì òkun 200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 370 sí ilẹ̀, orílẹ̀-èdè náà ló ni ẹja àti ohun àlùmọ́nì inú rẹ̀. Kò sí àlejò tó lè ṣèwádìí nínú omi méjèèjì láì gba àṣẹ.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni àlejò gbọ́dọ̀ kọ̀wé: ohun tó fẹ́ ṣe, irinṣẹ́ tó máa lò, ibi tó máa dé, ọjọ́ tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde. Tí ìwádìí náà bá kan ohun àlùmọ́nì wa tààrà, ẹja tàbí epo, ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò gbà. Àmọ́ nínú omi tó kọjá máìlì 12 yẹn, tí ìwé bá dé tí ìjọba dákẹ́, tí oṣù mẹ́rin kọjá láì sí èsì, ìdákẹ́ yẹn dà bíi pé ó ti gbà: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àlejò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ́fíìsì tó bá gbé ìwé sábẹ́ dúróọ̀ ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ẹ wá wo èyí tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Abala 249 nínú òfin náà sọ pé orílẹ̀-èdè tó ni omi lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èèyàn tirẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, àní sínú ọkọ̀ pàápàá níbi tó bá ti ṣeé ṣe, láì san kọ́bọ̀ lára ìnáwó rẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àbájáde, láti rí gbogbo iye tí wọ́n wọ̀n àti omi tàbí ẹja tí wọ́n bù, tó bá sì béèrè, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni àyè tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe é lóore. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń dúpẹ́ tó ń tẹ orí ba fún àlejò nítorí pé wọ́n gbà wọ́n wọ ọkọ̀; ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n lè béèrè ìbéèrè pẹ̀lú.

## Kí ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé?

Ó ń kọ́ láti bì kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Òòyì òkun kì í mọ ẹni tó ní oyè. Ó ń kọ́ láti jí ní aago méjì òru, torí pé nínú ọkọ̀ ìwádìí, iṣẹ́ kì í dúró. Bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń sùn, òmíràn ń sọ irin sómi.

Ó ń kọ́ pé pẹ́ńsù lọba. Omi òkun máa ń fọ yíǹkì nù, ìgò tí a ò bá sì mọ ibi tí a ti bu omi inú rẹ̀, omi lásán ni. Tó bá ṣi iye kan kọ, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Á fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀, á kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó máa kà á lọ́la lè rí méjèèjì.

Aago náà ń kó wọn sí wàhálà. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wákàtí kan ló wà láàrin aago wọn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ aago Lomé, tí ẹnìkejì kọ aago Kútọnu, tí wọ́n sì da iṣẹ́ wọn pọ̀, á dà bí ẹni pé omi kún ní wákàtí kan ṣáájú lápá kan. Ọ̀mọ̀wé lè fi oṣù kan wá ìdí rẹ̀ nínú òkun, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló wà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń kọ aago Greenwich níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Ohun tó ṣòro jù láti kọ́ ni kíkọ òdo. Kí àwọ̀n ṣófo lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí ọmọ sì kọ "0" síbẹ̀ láì fi ẹja tí kò rí kún un. Òdo yẹn jẹ́ ìmọ̀. Tí ẹni tó kàn bá rí ẹja mẹ́wàá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òdo yẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

## Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń lo àwọn ọmọ wa?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé àpótí fún àwọn àlejò kan ní ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, tó bá wọn túmọ̀ èdè fún àwọn apẹja, tó sì ń sùn sórí iyanrìn kó lè ṣọ́ irinṣẹ́. Wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò rí iye kan nínú ohun tí wọ́n wọ̀n rí. Ó ṣì ń dùn ún, ó sì ń dùn mí fún un.

Nítorí náà, òbí tàbí olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ bá àlejò ṣiṣẹ́ létí òkun, ohun mélòó kan wà tó yẹ kó bi wọ́n. Ta ló máa tọ́jú àwọn iye náà, ṣé ẹ̀dà kan á wà nílé ẹ̀kọ́ níbí? Ṣé ọmọ yìí á fúnra rẹ̀ lo irinṣẹ́ náà, àbí ó kàn máa gbé e ni? Tí ìwé bá jáde, ṣé orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀? Irinṣẹ́ wo ló máa kù sílẹ̀ tí wọ́n bá lọ, ta ló sì mọ bí a ṣe ń tún un ṣe? Àlejò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti bá pàdé fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn náà mọ̀ pé bí kò bá sẹ́ni tó ń kọ káàdì náà lẹ́yìn àwọn, iṣẹ́ wọn ti di ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo.

## Kí ló kan ará Ayétòrò nínú èyí?

Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà lára àwọn ìlú tí òkun ń gbé mì lójú wa. Ilé ti lọ, ojú pópó ti lọ, àwọn èèyàn ti ń kó sẹ́yìn léraléra. Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ṣe l'Ékòó, kí wọ́n da òkúta síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni Grand Popo àti Bar Beach. Ẹrẹ̀ ni etí òkun Ìlàjẹ. Iyanrìn tí ìgbì gbé lọ lè padà nígbà tí omi bá rọ̀. Ẹrẹ̀ tó bá ti yọ́ sínú omi, ìṣàn á gbé e lọ jìnnà. Òkúta wúwo tí a bá sì gbé ka ẹrẹ̀, ó lè rì.

Ojú òkun àgbáyé ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i láti 1993. Ìyẹn nìkan ò tó láti gbé odindi àdúgbò lọ. Àwọn onímọ̀ tún ń dárúkọ ilẹ̀ tó ń rì fúnra rẹ̀ àti ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo. Èwo ló pọ̀ jù nínú wọn? A ò lè pín in láì ní káàdì: ọ̀pá GPS, ọ̀nà kan náà, oṣù dé oṣù, lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ẹrẹ̀ yẹn láti kékeré. Àlejò lè mú ọ̀pá náà wá, kó sì kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lò ó láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà ló máa wà níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí òkun náà níṣẹ́ nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yín, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ síbi tí kànga àtijọ́ wà, tàbí ibi tí ẹ̀ ń so ọkọ̀ mọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé. Bó bá ti wọnú omi, ẹ na ọwọ́ sí i láti orí ilẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọdún tẹ́ ẹ rí i kẹ́yìn. Wọ́n á fi GPS mú ojú ibẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìlà àkọ́kọ́ nínú káàdì náà.